Ta Ni Yóò San Owó Ìjókòó Òfìfo? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀ràn Ọkọ̀ Èrò ní Libreville

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ní oríta Rio ní Libreville, èrò a ti tò sí ẹ̀bá títì lọ bẹẹrẹbẹ. Takisí pupa-òun-funfun a dé, a dẹwọ́ eré, ṣùgbọ́n kò ní dúró. Ẹni tí ó fẹ́ wọ̀ ọ́ a tẹ̀ bá ojú fèrèsé, a sì ké ohun mẹ́ta pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ibi tí ó ń lọ, iye àyè tí ó ń fẹ́, àti iye owó tí yóò san. Bí ó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, a fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé kí oníbàárà wọlé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pe owó tí ó jọjú. Lọ́dọ̀ wa, ọlọ́jà ni í kọ́kọ́ pe iye ọjà rẹ̀ kí oníbàárà tó máa ná an. Ní Libreville, èrò ni ó ń kiri ara rẹ̀ létí títì, tí ọkọ̀ sì ń ṣa èyí tí ó wù ú.

Ìlú tí à ń sọ yìí, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ Ìlú Òmìnira, ni a fi àwọn ẹrú tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi Elizia tẹ̀ dó ní ọdún 1849, lórí ilẹ̀ àwọn Mpongwe, létí omi Komo. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn tí ó lé ní 700,000 nínú rẹ̀, nígbà tí gbogbo Gabon kò ju nǹkan bí 1,800,000 lọ. Bí a bá sì fi Akanda tí ó wà lápá àríwá àti Owendo, ìlú èbúté tí ó wà lápá gúúsù, kún un, nǹkan bí ìdajì àwọn ará Gabon ni ó ń sùn tí ó sì ń jí ní agbègbè kan ṣoṣo yìí, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà àti láti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń tajà ní Mont-Bouët, ọjà tí ó tóbi jù níbẹ̀. Ìlú náà kò rí róbótó. Ó na ara rẹ̀ gbọọrọ lẹ́bàá omi, ó sì na apá kan wọ inú igbó lọ, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó jáde sí ìgbèríko, níbi tí wọ́n ti ń fi iye kìlómítà pe àdúgbò lórúkọ: PK5, PK8, PK12. Ọ́fíìsì àti ọjà ńlá wà nísàlẹ̀ létí omi. Ilé àwọn mẹ̀kúnnù wà lọ́hùn-ún àti nínú àwọn àfonífojì tí wọ́n ń pè ní mapane, níbi tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń dé. Nítorí náà, láàárọ̀, gbogbo ènìyàn ń sọ̀kalẹ̀. Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn ń gòkè. Bọ́ọ̀sì tí ó kún bámúbámú wọ ìlú yóò sì padà lófìfo kí ó tó lè kó àwọn mìíràn. Ìjókòó òfìfo yìí ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni ìjà tí a fẹ́ tò sílẹ̀ yìí dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwọn oníjà ni ó ń dárúkọ rẹ̀.

Bí a ó ti ṣe é kí ọkọ̀ èrò sunwọ̀n ní irú ìlú báyìí ti di ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ní ìdáhùn tirẹ̀ sí, tí gbogbo alángbá dakùn délẹ̀ tí a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀ràn bá sì ṣú òkùnkùn, a ó bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni.

Àwọn tí ó ní kí ìjọba ra ọkọ̀

Èrò tí ó dàgbà jù ni ti àwọn tí ó gbà pé ọkọ̀ èrò dà bí omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn, pé ìjọba ni kí ó rà á, kí ó gba awakọ̀ sí i, kí ó sì dá iye owó rẹ̀, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù. Ọ̀nà yìí ni Libreville ti ń tọ̀ láti ayé Sotravil, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú tí ó kógbá sílé. Lẹ́yìn rẹ̀, Sogatra, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìjọba, ni ó dìde ní ọdún 1996. Trans'Urb sì yọjú ní ọdún 2021 pẹ̀lú ìbùkún ìjọba. Ohun tí ó dára nínú ìlànà yìí kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: iye owó kan ni gbogbo èrò ń san, òjò ìbáà máa rọ̀, oòrùn ìbáà máa ràn, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ kékeré a rí ọkọ̀ tí kò ní ṣa ojú wọn kí ó tó gbé wọn, bọ́ọ̀sì a sì lè dé ibi tí èrè kò sí nítorí pé èrè kọ́ ni a ní kí ó lọ wá.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì tuntun bá gúnlẹ̀ ni à ń lu ìlù, tí mínísítà ń gé ríbọ́ọ̀nù, tí a ń ya fọ́tò. Ọjọ́ tí bíréèkì bá jẹ tán, tí táyà bá dán bí orí apárí, a kò rí onílù kankan. Ọkọ̀ a dé lógọ́ọ̀rọ̀, wọn a sì bàjẹ́ lógọ́ọ̀rọ̀, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pààtì wọn a sì wọ́n bí ojú. Léraléra ni àwọn òṣìṣẹ́ Sogatra ti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò wọlé. Kì í sì í ṣe Libreville nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀: Sotuc ti Kamẹrúùnù kú ní ọdún 1995, Sotrac ti Dakar tẹ̀lé e kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ṣubú níwájú mọ́lúè òun dánfó. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ pé ọwọ́ ìjọba kò lè gbé bọ́ọ̀sì rárá ni kí ó wo Abidjan, níbi tí Sotra, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, ṣì ń rìn títí di òní. Abidjan fún un ní ẹ̀tọ́ tí ẹlòmíràn kò ní lórí ọ̀nà, ìjọba sì ń fi owó kún owó èrò. Lójú tèmi, kì í ṣe pé ìjọba ni ó ni ọkọ̀ ni ó pa àwọn yòókù. Olówó ọkọ̀ náà ni ó tún jẹ ọkọ̀ ní gbèsè: ó dá owó ọkọ̀ sílẹ̀ kí ará ìlú lè yìn ín, ó ṣèlérí pé òun yóò dí àlàfo rẹ̀, kò sì dí i.

Àwọn tí ó ní kí a fi ọjà sílẹ̀ fún ọlọ́jà

Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n pọ̀ jù lójú pópó, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀ nínú ìwé. Wọ́n ní takisí, takisí-bọ́ọ̀sì àti clando, ìyẹn ọkọ̀ aládàáni tí ń kó èrò láìgba ìwé àṣẹ, ni ó ń gbé Libreville rìn ní tòótọ́, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba; bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òótọ́ ni. Clando tí ó ti gbó, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé mọ́, ni ó ń gun ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tí bọ́ọ̀sì ńlá kò lè dán wò. Òun ni ó ń rìn lóru. Òun ni ó sì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlejò láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú náà. Kódà, dídá owó lé ara ẹni tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní ire tirẹ̀: lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ ju èrò lọ, ẹni tí kò ní ju 100 tàbí 200 fránkì CFA lọ́wọ́ lè pe ohun tí agbára rẹ̀ ká, kí ó sì rí ẹni tí yóò gbé e.

Ibi tí bàtà ti ń ta ni òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ òjò. Òjò Libreville kò sì kéré, nítorí yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn gígùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, ìwọ̀nba oṣù ni ilẹ̀ ibẹ̀ fi ń gbẹ. Awakọ̀ kì í sábà ni ọkọ̀. Ó ní iye kan pàtó tí yóò gbé lé olówó ọkọ̀ lọ́wọ́ lójoojúmọ́, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní recette; lẹ́yìn èyí ni epo, lẹ́yìn epo ni ohun tí àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ń béèrè, èyí tí Sylteg, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, ti torí rẹ̀ pariwo títí; ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni oúnjẹ ọmọ awakọ̀. Ẹni tí a di irú ẹrù báyìí rù kò lè gbé ìyá àgbà tí ó ní 100 fránkì lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin ń pe 500 lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì ní í lọ sí PK12 tààrà bí ó bá lè gé ìrìn náà sí méjì, kí ó gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Ọjà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ lágogo méje àárọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún.

Àwọn ọmọ wa tí ó ti gbé ìlú ọba pẹ́ mọ ẹ̀yà mìíràn èrò yìí. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1985, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1986, sọ pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ máa wa bọ́ọ̀sì sí ibi tí ó wù ú, ṣùgbọ́n ó yọ Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì rọ́ gììrì sí ojú ọ̀nà tí owó wà, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ìlú sílẹ̀. Manchester fara dà á títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gba àkóso ọ̀nà padà díẹ̀díẹ̀; ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni ó gbà á tán.

Àwọn tí ó ní kí a pín ọ̀nà, kí a sì tọwọ́ bọ̀wé

Èrò kẹta yìí ni ó ń gbilẹ̀ jù lónìí láàárín àwọn onímọ̀. Wọ́n ní kí ìjọba má ra bọ́ọ̀sì, kí ó má sì fi títì sílẹ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ le. Kí ó ya ọ̀nà, kí ó dá iye owó àti àkókò, kí ó wá pe àwọn ọlọ́kọ̀ wá dupò, kí ẹni tí ó bá borí tọwọ́ bọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe é. Dakar dá Cetud sílẹ̀ ní ọdún 1997 láti máa ṣètò ọ̀nà, ó sì kó àwọn oní-ọkọ̀ kéékèèké jọ sí ẹgbẹ́ kan tí ó ń jẹ́ AFTU, kí wọ́n lè fi owó tí Báǹkì Àgbáyé yá wọn pààrọ̀ ògbólógbòó ọkọ̀ wọn sí ọkọ̀ tuntun. Ìgbà tí ó ti jẹ́ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, oní-ọkọ̀ kan ṣoṣo tí báǹkì ì bá lé jáde di ẹni tí wọ́n ń fún ní ìjókòó. Èkó Àkéte, ilẹ̀ ọgbọ́n, dá Lamata sílẹ̀ ní ọdún 2002 fún irú iṣẹ́ kan náà.

Agbára èrò yìí wà nínú ohun kékeré kan tí ó yẹ kí a fẹ̀sọ̀ wò. Fi awakọ̀ méjì síwájú ojú. Èkíní ń gba owó lórí èrò kọ̀ọ̀kan. Yóò jókòó ní gáréèjì títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi kún, yóò sáré ta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ láti dé ọ̀dọ̀ ogunlọ́gọ̀, kò sì ní padà lófìfo láéláé bí ó bá lè ṣe é, ìyẹn ni pé ẹni tí ó wà ní PK12 yóò dúró títí. Èkejì ń gba owó lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá rìn ní àkókò tí a dá. Òfìfo kò bà á nínú jẹ́, nítorí náà yóò padà kíákíá, PK12 yóò sì rí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kejì yìí náà, bí a kò bá ṣọ́ ọ, yóò máa fò kọjá ní ibùdókọ̀ láìdúró, nítorí pé èrò kò ju ìdádúró lásán lójú rẹ̀. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀bùn fún àkókò, ìtanràn fún ìfòkọjá, àti ẹni tí yóò dúró nínú òjò máa kọ nọ́mbà ọkọ̀ sílẹ̀. Ibí yìí ni àléébù rẹ̀ wà: ó gba olùṣọ́ tí kò gba rìbá, ó sì gba ìjọba tí ń sanwó lọ́jọ́ tí ó dá. Bí ìjọba tí ó jẹ òṣìṣẹ́ Sogatra lówó oṣù bá tún jẹ agbaṣẹ́ṣe lówó kìlómítà, a kàn pààrọ̀ orúkọ ẹni tí yóò daṣẹ́ sílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ pé ta ni ó yẹ kí ó jẹ́ awakọ̀ tún ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ní ọdún 2024, lẹ́yìn ìgbà tí Ọ̀gágun Brice Oligui Nguema ti gba ìjọba ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n gbé ètò Taxi Gab+ kalẹ̀, tí ó fi takisí lé àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Gabon lọ́wọ́. Iṣẹ́ fún ọmọ onílé dára. Àmọ́, ohun mìíràn ni ẹni tí ó ń wa ọkọ̀, ohun mìíràn sì ni ìlànà tí ọkọ̀ ń tẹ̀ lé. Èrò tí ń kígbe ní Rio kò mọ ìyàtọ̀ bí ọmọ onílé bá kọjá rẹ̀ láìdúró.

Àwọn tí ó ní kí bọ́ọ̀sì ní ọ̀nà tirẹ̀

Èkó la ọ̀nà fún bọ́ọ̀sì nìkan láti Máìlì Kejìlá dé CMS ní oṣù kẹta ọdún 2008, nǹkan bí kìlómítà 22. Dakar ṣí tirẹ̀ ní ọdún 2024, kìlómítà 18 àti díẹ̀, bọ́ọ̀sì oníná mànàmáná ni wọ́n sì kó sí i. Àwọn tí ó gba èyí gbọ́ sọ pé bọ́ọ̀sì tí kò há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni bọ́ọ̀sì tí ó pọ́ọ́kú jù: bí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ bá ti wákàtí mẹ́ta dín kù sí wákàtí kan àti ààbọ̀, ọkọ̀ kan ti di méjì láìra òmíràn, pẹ̀lú awakọ̀ kan náà. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìṣirò yìí ṣe ẹlẹ́yà.

Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Libreville kéré púpọ̀ sí Èkó, títì rẹ̀ tí ó fẹ̀ kò pọ̀, yàtọ̀ sí ti etí omi àti ọ̀nà ńlá bíi mélòó kan. Ọ̀nà PK gan-an, tí èrò ti pọ̀ jù, ni ilé àti ìsọ̀ ti fún mọ́ra jù. Láti wó ilé mẹ̀kúnnù kí mẹ̀kúnnù lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó gbẹgẹ́. Èyí tí mo rò pé ó ṣe é ṣe ni ìdajì ìwọ̀n: kí a gba ẹ̀gbẹ́ títì kan fún bọ́ọ̀sì láàárọ̀ nìkan, ní àwọn oríta bíi mélòó kan tí gbogbo ọkọ̀ ti ń há.

Àwọn kan tún ń dárúkọ ọkọ̀ ojú omi láti Owendo, tàbí ọkọ̀ ojú irin Transgabonais tí ó ti ibẹ̀ gbéra lọ sí Franceville. Àlá dáadáa ni. Kò sí èyí tí ó gba àwọn àdúgbò èrò bíi Nzeng-Ayong kọjá.

Àwọn tí ó ní kí ó di ọ̀fẹ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, Ààrẹ Ali Bongo kéde pé ọkọ̀ èrò ìjọba yóò di ọ̀fẹ́. Dunkirk ní ilẹ̀ Faransé ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2018, Luxembourg sì ṣe é fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ lápapọ̀ ní ọdún 2020. Ó rọrùn, ó yá, awakọ̀ kò wá ṣéńjì, kọ̀ńdọ́ kò sì jí owó. Àmọ́ àwọn ìlú wọ̀nyẹn ti ní bọ́ọ̀sì tí ó pọ̀ tó kí wọ́n tó mú owó rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ní owó-orí tí ó ń bọ́ ọ. Níbi tí bọ́ọ̀sì kò ti tó, ẹni tí kò fi owó san án yóò fi ìdúró san án, láti agogo mẹ́rin ìdájí, lórí ìlà. Mo gbà pé kí ọ̀fẹ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ àti arúgbó. Fún gbogbo ayé, n kò tíì rí i.

Àwọn ìlú kéékèèké

Ní Port-Gentil, Oyem, Lambaréné àti Franceville, èrò kò tó láti kún bọ́ọ̀sì ńlá, ìrìn kò sì jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ti sọ sókè ti tóbi jù fún wọn. Ọkọ̀ kékeré méjì tàbí mẹ́ta tí ó ní àkókò, tí ìlú fi owó díẹ̀ kún owó rẹ̀, lè ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ tí ó jókòó sí olú-ìlú kò lè bá wọn ṣe.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó kù lórí àtẹ. Libreville, Akanda àti Owendo ní olórí ìlú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bọ́ọ̀sì kan náà ni yóò sì gba ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá: ta ni yóò tọwọ́ bọ̀wé, mínísítà ni tàbí àwọn ìlú náà? Èkejì ni ti clando: ṣé a ó lé e ni, àbí a ó fún un ní ìwé àṣẹ kí ó máa gbé èrò láti inú mapane wá pàdé bọ́ọ̀sì létí títì? Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù, òun ni ti ìjókòó òfìfo: láti inú àpò wo ni owó rẹ̀ yóò ti máa jáde lóṣooṣù, ní orílẹ̀-èdè tí owó epo rọ̀bì ti ń gùn tí ó sì ń sọ̀ bí ìgbì òkun, tí ohun tí a ṣèlérí nígbà tí epo wọ́n kì í sábà rí owó nígbà tí epo bá pọ́ọ́kú? Láàárín àwọn onímọ̀ tí ó gba ti ìwé àdéhùn, àwọn kan fẹ́ kí a fi owó-orí epo ọkọ̀ ṣe é, àwọn kan fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ máa san án bí ti ilẹ̀ Faransé. Ìhà méjèèjì kò tíì gbọ́ ara wọn yé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀ràn náà dé, kí ó má ṣe lọ síbi ìgé-ríbọ́ọ̀nù. Kí ó dúró di oṣù kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lọ dúró ní PK12 láàárín agogo márùn-ún sí mẹ́fà ìdájí, kí ó sì ka iye bọ́ọ̀sì tí ó bá kọjá.